Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Onígbọ̀ngàn Ayẹyẹ ní Ìlú Èkó, Lórí Vape Tí Wọ́n Ń Fà Lójú Àwọn Tí Kì Í Mu Sìgá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, onígbọ̀ngàn ayẹyẹ, onílé oúnjẹ àti onílé ìgbafẹ́, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Lẹ́kí, láti Yábàá dé Ìkẹjà,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó èrò. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè, ó sì ti di ọdún 27 tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Gbọ̀ngàn yín kò ṣàjèjì sí mi rárá, nítorí pé bí ẹbí mi ti pọ̀ tó, ó ṣọ̀wọ́n kí Sátidé méjì tẹ̀ léra kí n má wé gèlè jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ oníbàárà yín tó fẹ́ràn yín. N kò ní dárúkọ gbọ̀ngàn kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Ọmọ àbúrò mi ṣe ìgbéyàwó lọ́dún tó kọjá ní gbọ̀ngàn kan ní apá Ìkẹjà. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó fẹ́ wọlé, wọ́n pa iná, wọ́n sì tan ẹ̀rọ tó ń tú èéfín funfun sílẹ̀, èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan níbi ìgbéyàwó Èkó báyìí. Àwọn ọmọdé pariwo, wọ́n sáré wọ inú èéfín náà, wọ́n ń fọwọ́ gbá a, inú wọn ń dùn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wa ti jókòó, tí onílù bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹbí, tí ìnáwó sì gbóná, ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ márùn-ún kan tí wọ́n wọ agbádá kan náà yọ vape, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń fà bíi sìgá, láti inú àpò. Wọ́n fà á, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì tú èéfín rẹ̀ sí abẹ́ iná aláwọ̀ mèremère tó wà lókè orí ìyàwó. Ayàwòrán kúnlẹ̀ kí ó lè yà á dáadáa. Ó ń ta sánsán bíi máńgòrò. Kò sí àgbà kankan tó fajú ro, èmi gan-an kò sì sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó lórí itan mi, ló bi mí pé, “Màmá, ṣé àwọn náà ń ṣe èéfín ìyàwó ni?”

Lára ògiri tó wà lẹ́yìn wọn gan-an ni pátákó kékeré kan wà tí wọ́n ya sìgá sí, tí wọ́n sì fi ìlà pupa dábùú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn kò ti kúrò létí mi. Èéfín ìyàwó! Ọmọ yìí kan náà ni, bí a bá dúró ní ibùdókọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba tí ẹnì kan sì tan sìgá nítòsí wa, tí yóò fọwọ́ bo imú, tí yóò sì máa fà mí láṣọ pé kí a sún síwájú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òórùn sìgá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tó rí ní gbọ̀ngàn ọjọ́ náà kò rùn, kò ta á lójú, àwọn tó rẹwà jù lọ nínú agbo ló ń fà á, ayàwòrán sì ń kúnlẹ̀ fún wọn. Orúkọ tó wá fún un ni orúkọ ohun tó dùn jù lọ tó rí lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò nìyí: ẹni tí kì í mu sìgá ni vape inú gbọ̀ngàn yín ń yí lọ́kàn padà, pàápàá ọmọdé, ojú tí ó sì fi ń wo vape kò ní pẹ́ di ojú tí yóò fi wo sìgá.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Kámpọ́ọ̀sì, bàbá mi sì mu sìgá títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Àmọ́ n kò rántí ọjọ́ kan tí ó mu ún lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ ohùn Bàbá Àgbà ní ẹnu ọ̀nà, kíá ni yóò ti tẹ sìgá mọ́ abẹ́ bàtà, yóò fọwọ́ lé èéfín lọ, yóò ju orógbó sẹ́nu, yóò sì dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá tó ti bí ọmọ mẹ́fà, tó ń gbé nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ọmọ sì ń wò ó láti ojú fèrèsé. Kò sọ fún wa rí pé sìgá kò dára, ṣùgbọ́n ohun tí àgbàlagbà bá ń sá pamọ́ láti ṣe, ọmọ kò nílò àlàyé lórí rẹ̀. Nínú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹni tó mu sìgá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè rán mi létí pé tábà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Òótọ́ ni. Ìyá bàbá mi ta aṣáà, ó sì ń fi í sẹ́nu. Mo bá àwọn àgbà ọkùnrin tó ń fa ìkòkò tábà ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan àgbà ni, ó ní àyè tirẹ̀, ọmọdé tó bá sì fọwọ́ kan ìkòkò yẹn, ìgbájú ló máa jẹ. Ó yẹ kí n sọ èyí náà, nítorí pé ó máa ń dùn mí: ìtìjú tí mo ń sọ yìí kò dọ́gba rí láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ọkùnrin tó bá mu sìgá, wọ́n á ní ó ń ṣe fàájì. Obìnrin tó bá mu ún, orúkọ tí wọ́n á pè é kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà. N kò fẹ́ kí ìyẹn padà wá. Ohun tí mo ń ṣàárò rẹ̀ ni bí ọkùnrin bíi bàbá mi ṣe máa ń kó ara rẹ̀ níjàánu lójú ẹlòmíràn.

Ìjánu yẹn wà lára ohun tó ń dáàbò bò wá. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá lórí tábà láàárín àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà ní ọdún 2012, ìdá 5.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí tó ń lo tábà lọ́nà èyíkéyìí. Láàárín àwọn obìnrin, ìdá 1.1 ni. Bí a bá fi ìyẹn ṣe ìṣirò, nínú ogún àgbàlagbà tó jókòó yí tábìlì méjì ká ní gbọ̀ngàn yín, bí ẹnì kan ni yóò jẹ́ onítábà. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń náwó rẹpẹtẹ kí àwọn ènìyàn wọn lè dé ibi tí àwa ti wà láìnáwó. Ọrọ̀ tí a ní ni, a kò sì mọ̀ pé a ní i, nítorí pé kò sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ níbì kankan. Inú ọkàn àwọn tí kì í mu sìgá ló wà, nínú bí wọ́n ṣe ń fajú ro, bí wọ́n ṣe ń sún síwájú ní ibùdókọ̀, àti bí wọn kì í ṣe fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ amusìgá.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkàn yẹn ti ń yí padà. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 nípa ẹ̀dọ̀fóró. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí sí ẹni tó ń mu sìgá, ariwo ni wọ́n máa fi ń dáhùn pé ọmọ ìta ni, agbèrò ni, kò ní pẹ́ kú. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà tán, mo sì máa ń sọ fún wọn, nítorí pé mo mọ amusìgá tó jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá, àmọ́ ó fi hàn pé ọ̀nà wọn jìn sí sìgá. Ní táàmù tó kọjá, mo bi àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ní ìbéèrè kan náà. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Èwo nínú rẹ̀, mà?” Kíláàsì kò rẹ́rìn-ín, torí pé ìbéèrè gidi ló jẹ́ lójú wọn. Ọmọkùnrin kan fi kún un pé ẹ̀gbọ́n òun ní èyí tó ń ta sánsán bí èso kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, àti pé sìgá gan-an kò lè burú tó bí àwọn olùkọ́ ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé gbogbo àwọn tí òun ń rí tó ń fa vape níbi àríyá ni ara wọn le. Mo yíjú sí pátákó láti ya ẹ̀dọ̀fóró, nígbà tí mo sì wẹ̀yìn, mo rí ẹlòmíràn tó fi báírò sẹ́nu, tó fà á, tó gbójú sókè, tó sì rọra tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ṣe gbójú sókè ní Ìkẹjà gan-an ló ṣe gbé tirẹ̀ sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀nà tí èrò ọmọkùnrin yẹn gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí vape, ó sì parí rẹ̀ sórí sìgá. Èéfín kan kò rùn, nítorí náà èéfín kejì kò burú tó bí wọ́n ṣe wí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tí ì fi ohunkóhun kan ẹnu, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n; ojú wọn nìkan ló ti ń mu ún. N kò sọ pé kíláàsì mi kan ni gbogbo Èkó o. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti rí i, mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n dárúkọ fóònù, wọ́n dárúkọ àdúgbò, èyí tó sì pọ̀ jù lọ lára wọn dárúkọ òde, ìyẹn ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tó wà nínú vape kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bátìrì kékeré ló ń mú wáyà kan gbóná, wáyà náà á sì sọ omi tó yí i ká di ìkùukù tí ẹni tó ń fà á yóò fà sínú. Nínú omi náà ni èròjà olómi méjì tí wọ́n ń pè ní propylene glycol àti glycerine wà, pẹ̀lú èròjà tó ń mú un ta sánsán, ó sì sábà máa ń ní níkótíìnì, èròjà inú tábà tí kì í jẹ́ kí amusìgá lè fi sìgá sílẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí eérú, kò sí ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró bíi ti sìgá. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé májèlé rẹ̀ kéré sí ti sìgá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní omi lásán kò sọ òótọ́. Ọpọlọ ènìyàn ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25, níkótíìnì sì máa ń dabarú ìdàgbàsókè yẹn, pàápàá ní apá tó ń ṣàkóso àfiyèsí, ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti ìkóra-ẹni-níjàánu.

N kò bá àgbàlagbà tó ń fi vape sá kúrò nídìí sìgá jà. Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà tó ṣe irú èyí tó wà káàkiri lónìí ní ọdún 2003, amusìgá ni òun náà, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn yóò fún mílíọ̀nù kan amusìgá ní vape kí wọ́n lè fi sìgá sílẹ̀, ẹ̀rí sì wà pé ó ń ran irú wọn lọ́wọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ náà kan náà ti fòfin de títa vape àlòsọnù, nítorí pé àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di tiwọn, àti nítorí ìdọ̀tí tó ń dá sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun tó jẹ́ àkàbà fún ẹni tó fẹ́ gòkè láti inú kòtò lè jẹ́ àkàbà fún ẹni tó ń bọ̀ wá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, Andrea King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ẹnì kan fa vape lójú àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n ti ń wò ó ni sìgá gidi ń wù wọ́n sí i. Ní ti àwọn tí kò mu sìgá rí, àwọn onímọ̀ National Academies, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ní ọdún 2018 pé ọ̀dọ́ tó bá ń fa vape súnmọ́ àtidán sìgá wò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í fà á lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, oníṣègùn àgbà ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé vape ti di àjàkálẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wọn. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi àjàkálẹ̀ o. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń wò ó láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe wò ó ní Ìkẹjà láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin mọ òfin ju èmi lọ, nítorí pé òun ni ẹ fi ń ṣòwò. Láti ọdún 2014 tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ti buwọ́ lu òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí sìgá mímu, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mu sìgá níwájú ọmọdé, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 15,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 sì kọ̀ kí wọ́n ta tábà fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà kéde pé fíìmù àti fídíò orin kò gbọ́dọ̀ máa ṣe tábà lọ́ṣọ̀ọ́ fún aráyé mọ́. Ohun tí a ní kí ọmọ má rí lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣé ó wá yẹ kó máa rí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ lórúkọ, lára àwọn tó ń pè ní bùrọ̀dá?

Mo mọ èsì tí ọ̀pọ̀ yín yóò fún mi. Ẹ ó ní oníbàárà ló ń sanwó, ẹ kò sì lè máa pàṣẹ fún ẹni tó fi mílíọ̀nù gba gbọ̀ngàn. Ẹ ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ń bẹ̀rù àwọn ọmọ olówó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí agbára tí ẹ ní. Bí a bá gbé kúlà dé ẹnu ọ̀nà yín, àwọn ẹ̀ṣọ́ yín á ṣí i wò, wọ́n á ka ọtí inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gba owó lórí èyí tí a kò rà lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá ìyàwó ló gbé e wá. Bí aago tí ẹ dá bá ti lù, ẹ ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ó pa iná, oníjùjú á sì kó gìtá rẹ̀, bí orin rẹ̀ ti dùn tó. Kò sí ẹni tó ń bá yín jà nítorí rẹ̀, torí pé ó ti wà nínú ìwé àdéhùn kí a tó sanwó. Nítorí náà, ẹ kọ vape sínú ìwé àdéhùn náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó: ibi tí a kò bá ti gba sìgá láàyè, a kò gba vape àti ṣíṣà láàyè níbẹ̀.

Pátákó tó wà lára ògiri, ẹ tún un kọ. Ẹ ya vape mọ́ sìgá, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí iná ti tàn sí i. Ẹ wá àyè kan síta fún ẹni tí kò bá lè ṣe kó má fà á, kí ibẹ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń fò lórí rọ́bà aláfẹ́fẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ní tòótọ́ kò ní bínú sí ìrìn ogún ìṣísẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ rẹ̀ fún títà nínú ọgbà yín ní ọjọ́ tí ọmọdé bá wà lára àlejò. Ní ti àwọn ẹ̀ṣọ́, kò yẹ kí wọ́n fi agbára já a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìjà níbi ìnáwó kò tọ́. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tẹríba, kí wọ́n sì sọ ọ́ sí onítọ̀hún létí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọdé wà níbí, ẹ bá wa fà á lẹ́yìn ilé.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè dójú ti ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni yóò sì dìde bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹ bá àwọn ayàwòrán sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí pé bí kò bá sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ láti yà á, ìdajì àwọn tó ń tú u sókè kò ní rí ìdí tí wọ́n fi máa tú u mọ́.

Àwa òbí àti àgbà ní ẹ̀bi tiwa, n kò sì dì í rù yín. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú gèlè mi, mo sì dákẹ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyá arúgbó kan ló ba ìnáwó jẹ́. Bí pátákó yín bá ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ni, yóò rọrùn fún mi láti nàka sí i.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn yóò ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni èmi àti àwọn àna mi yóò ti máa yẹ gbọ̀ngàn wò, ní Sùúrùlérè, ní Yábàá àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí n tó bèèrè iye owó, kí n tó bèèrè iye àga tàbí bóyá jẹnẹrétọ̀ yín lágbára, n óò kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ń fa vape nínú gbọ̀ngàn náà. Ọmọ ọmọ mi ni yóò gbé òdòdó ṣáájú ìyàwó lọ́jọ́ náà. Mo ti ṣèlérí fún un pé èéfín ìyàwó yóò wà, èyí tí ẹ̀rọ ń tú jáde nìkan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ kan, tó tún jẹ́ ìyá ìyàwó,
Sùúrùlérè, Èkó.